Ikùn mi kò fà, ojú mi ló ń rù

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àje
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti pé ọdún 48, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Òkè-Àje, Ìjẹ̀bú-Òde. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń jí ní aago márùn-ún ìdájí. N ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, n ó ṣe sit-up ọgọ́rùn-ún kí n tó gbé omi kaná. Mo ti pa oúnjẹ alẹ́ tì. Mo tún ra tíì kan tí wọ́n ní ó máa ń fa ikùn wọlé, alaalẹ́ ni mo ń mu ún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ojú mi rù, egungun ọrùn mi yọ, àyà mi fẹ́lẹ́, ikùn mi sì wà níbẹ̀ digbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan fà mí sẹ́yìn ìṣọ̀, ó ní ṣé ara mi le ṣá. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti mú aṣọ Ojúde Ọba, kò sì wù mí kí ìró tún máa yọ̀ bọ́ lórí ikùn mi bíi ti èṣí. Kí ni mo lè ṣe tí ọ̀rá ikùn nìkan á fi lọ, tí ojú àti àyà mi á dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Kóòṣì Ìjẹ̀bú-Igbó
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ nu ojú yín nù. Ẹ ò ya ọ̀lẹ rárá, ọ̀nà ni kò tọ́: kò sí eré ìdárayá kan tó lè lọ bu ọ̀rá níbi kan ṣoṣo lára.

Bí iṣan ikùn bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀ kọ́ ló ń jẹ. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni ara ti ń yọ́ ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e fún iṣan tó bá nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ àjọ dáadáa: ẹni tó kó àjọ kò kó owó ẹni tó jókòó tì í nìkan, owó gbogbo ẹgbẹ́ ló kó. Ibi tí ara bá sì ti kọ́kọ́ dá tirẹ̀, ara ló mọ ìdí rẹ̀. Tiyín bẹ̀rẹ̀ lójú àti láyà.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Lọ́dún 1971, wọ́n wọn apá àwọn tó ń gbá tẹníìsì ní Amẹ́ríkà. Apá tí wọ́n fi ń gbá a tóbi ju ìkejì lọ nítorí iṣan, ṣùgbọ́n ọ̀rá abẹ́ awọ apá méjèèjì kò yàtọ̀. Lọ́dún 1984, ọkùnrin mẹ́tàlá ṣe sit-up 5,004 láàárín ọjọ́ 27. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ọ̀rá díẹ̀ níkùn, lẹ́yìn àti nídìí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí wọ́n parí. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣe kéré sí i níkùn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kéré sí i lẹ́yìn àti nídìí. Ẹ̀yin gan-an ti ṣe tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Sit-up ń fún iṣan ikùn lókun, kì í yan ọ̀rá.

Ọmọ Ìpẹ̀rù
Kóòṣì, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọkọ̀ ni mo ń wà, Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, orí ìjókòó ni mo ń wà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tín-ín-rín, apá mi tín-ín-rín, ikùn nìkan ló yọ síwájú, ó sì le gbandi bí awọ ìlù. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń fi náílọ̀nù wé ikùn, mo á sáré láti Ìpẹ̀rù dé Òde-Rẹ́mọ. Bí mo bá tú náílọ̀nù náà, òógùn á máa kán tótó. Mo á gun òṣùwọ̀n, kílò kan ti lọ. Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kílò náà ti padà. Ibo gan-an ni ọ̀rá ń gbà jáde lára èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Mákùn
Mo kí gbogbo yín. Ṣágámù ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi lọ́kàn tipẹ́.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, omi lò ń fi náílọ̀nù fà jáde. Tó o bá ti mumi, ó ti padà sáyè rẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe é mọ́, pàápàá nínú oòrùn. Ooru lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ lójú títì. Imú àti ẹnu ni ọ̀rá ń gbà jáde. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò rẹ̀: bí kílò mẹ́wàá ọ̀rá bá jó tán lára, kílò 8.4 ń bá èémí jáde, kílò 1.6 á di omi. Kì í ṣe pé kéèyàn jókòó kó máa mí hẹlẹhẹlẹ o. Iṣan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó o.

Ikùn tìẹ àti ti Àbẹ̀kẹ́ lè má jẹ́ irú kan náà. Ọ̀rá kan wà lábẹ́ awọ, ìyẹn ni ọwọ́ lè fún mú. Òmíràn wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn iṣan ikùn, ó wé mọ́ ìfun, ó sún mọ́ ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ kò lè fún un mú. Òun ló ń jẹ́ kí ikùn ọkùnrin le bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn. Òun náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ọ̀rá tó sì ń gbé bọ̀ máa ń da iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ rú. Lẹ́yìn náà ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn á máa tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1947 ni dókítà ará Faransé kan, Jean Vague, ti kọ ọ́ pé ibi tí ọ̀rá jókòó sí lára ṣe pàtàkì sí irú àwọn àìsàn wọ̀nyí, kì í ṣe bí ó ti pọ̀ tó nìkan.

Ó ní ohun tó ń tuni nínú níbẹ̀. Ọ̀rá inú lọ́hùn-ún yẹn kì í lágídí. Béèyàn bá ń rìn, tó dín oúnjẹ kù, ó máa ń tètè gbọ́ ìpè. Ti ìdí àti itan obìnrin ló ń lágídí. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní ẹnu ọ̀nà oríṣi méjì tí họ́mọ̀nù adirẹnalíìnì máa ń kàn: ọ̀kan ń ní kí ọ̀rá jáde, èkejì ń ní kó jókòó. Nídìí àti nítan obìnrin, èyí tó ń ní kó jókòó ló pọ̀ jù. Ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí: oúnjẹ ìpamọ́ ni, fún oyún àti ọmú.

Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ orí yín náà wà níbẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti ń lọ sópin, họ́mọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á dín kù, ọ̀rá tó ti ń yà sí ìdí tẹ́lẹ̀ á wá máa yà sí ikùn. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́.

Ní ti tíì yẹn, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí senna níbẹ̀, oògùn ìgbẹ́ ni. Ìfun ńlá ló ń bá ṣiṣẹ́, nígbà tí ìfun kékeré ti gba oúnjẹ inú rẹ̀ tán. Omi àti iyọ̀ ara ló ń gbé lọ, bó bá sì pẹ́, ó lè da ìlù ọkàn rú. Ẹ jù ú nù lónìí.

Ẹ wá dá mi lóhùn: ọmọ mélòó lẹ bí? Kí lẹ ń jẹ lọ́sàn-án ní ìṣọ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?

Aránṣọ Fọlágbadé
Ọdún kejìlélógún mi rèé nídìí ẹ̀rọ. Mi ò kàwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo ní ìwé mẹ́sàn-án tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yìí ló kún inú wọn. Obìnrin kan wà tó ti ń bá mi bọ̀ látìgbà tó wà ní ọmọge. Nígbà yẹn, ìbàdí 30, ìdí 42. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, ìbàdí 33, ìdí 45. Lọ́dún tó kọjá tó ti lé ní àádọ́ta, ìbàdí 39, ìdí 44. Ẹ wo ìdí yẹn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì kan, ikùn sì ti fi mẹ́fà gòkè. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á ní kò sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tépù mọ̀ pé nǹkan ti kó lọ sílé mìíràn.

Ó tún ń tọ ẹbí. Ìyá á mú ọmọ wá ránṣọ ìgbéyàwó, bí mo bá wọ̀n ọ́n tán, bí ìdí ìyá ṣe rí ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ti ọmọ rí.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọn ikùn, torí òṣùwọ̀n kílò lè tàn yín. Ẹ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín àwọn méjèèjì ni kí tépù gbà. Kó má fún, kó má dẹ̀. Ẹ mí jáde wẹ́rẹ́ kí ẹ tó kà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń di èémí mú bí wọ́n bá ti rí tépù lọ́wọ́ mi. N ò kì í sọ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, ojú á tì wọ́n. N ó kàn béèrè pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Bí wọ́n ṣe ń dá mi lóhùn, èémí á jáde, ikùn á padà sáyè rẹ̀, n ó ka nọ́ńbà mi.

Bàbá Òdogbolú
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ní ikùn, a mọ̀ pé ó rí jẹ. Ìyàwó tó bá rù lọ́dẹ̀dẹ̀ ọkọ, ẹbí rẹ̀ á wá béèrè ohun tó ṣe é. Ojú Àbẹ̀kẹ́ tó rù yẹn ló ń já àwọn èèyàn láyà. Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí ara wà bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a?

Nọ́ọ̀sì Mákùn
Bàbá, ẹ kú àdúrótì. Ní ti ìdí àti itan, mo bá yín gbà pátápátá, ọ̀rá ibẹ̀ kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ní ti ikùn, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò bá yín gbà. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí mo ti wẹ egbò rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kò níye. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ẹsẹ̀ náà kò sanra lójú, ikùn nìkan ni wọ́n ní, ará ilé wọn sì ń fi ikùn náà yìn wọ́n títí di ọjọ́ tí wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Bí ìbàdí obìnrin bá ti kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà, bí íǹṣì 31 àbọ̀, kó fura. Bó bá kọjá 88, ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ti ọkùnrin, 94 ni ìkìlọ̀, íǹṣì 37 nìyẹn. 102, íǹṣì 40, ewu ńlá ni. Ẹni tí kò ní tépù, kó mú okùn, kó fi wọn ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kó ṣẹ́ okùn náà po sí méjì. Bí kò bá yí ikùn rẹ̀ ká, kó tètè lọ yẹ súgà àti ìfúnpá wò.

Ìyàwó Ìlíṣàn
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ oṣù márùn-ún wà lọ́mú mi. Ikùn mi ti ń fà díẹ̀díẹ̀, itan mi ni kò gbọ́. Ṣé kí n dín oúnjẹ kù kíákíá?

Nọ́ọ̀sì Mákùn
Rárá, ìyá ọmọ. Ọmú tí ò ń fún un yẹn wà lára ohun tó ń tú ọ̀rá itan jáde. Jẹun dáadáa, máa rìn. Fi itan sílẹ̀ ná.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àje
Nọ́ọ̀sì mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn. Tíì náà, senna wà lára páálí rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Lọ́sàn-án, gààrí ni, torí ìṣọ̀ kò ṣe é fi sílẹ̀: mọ́ọ̀gì kan kún, súgà oníhóró mẹ́fà, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ méjì. Bí oòrùn bá mú, mo máa ń mu ẹlẹ́rìndòdò kan lé e. Mi ò ka ìyẹn sí oúnjẹ gidi, torí kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀.

Ti oògùn ni mo fẹ́ fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí. Lẹ́yìn ọjọ́ tí oníbàárà yẹn sọ̀rọ̀, mo ra hóró kéékèèké kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri ọjà. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án. Dexamethasone ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mákùn
Háà, Àbẹ̀kẹ́! Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi pamọ́. Oògùn ńlá ni, dókítà ló ń lò ó fún àìsàn ńlá. Bó bá pẹ́ lára, ó máa ń kó ọ̀rá jọ sójú, sẹ́yìn ọrùn àti sínú ikùn gan-an, á máa jẹ iṣan apá àti itan, á gbé súgà àti ìfúnpá sókè. Ikùn tí ẹ ń sá fún lẹ fi owó rà. Lọ́la, kí ẹ tó ṣí ìṣọ̀, ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe jáwọ́, torí ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, bó bá dá a dúró lójijì, ara lè kọ̀ fún un.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á: oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́, oògùn ìdí, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa jẹun, ẹ má rà á lọ́jà. Mo bẹ̀ yín.

Àbẹ̀kẹ́, nítorí ọmọ mẹ́rin yẹn, ẹ ṣe èyí fún mi. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ ká eékún sókè, ẹ to ìka sí òkè ìdodo, ẹ wá gbé orí sókè díẹ̀. Bí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá rì sáàárín, iṣan ikùn yín ti pínyà látìgbà oyún, kò sì tíì padà pa dé. Sit-up lè máa tì í síta sí i ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ ikùn náà wò pẹ̀lú, kì í ṣe gbogbo ikùn tó yọ ni ọ̀rá. Fáíbọ́rọ́ìdì náà máa ń gbé ikùn síwájú.

Kóòṣì Ìjẹ̀bú-Igbó
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gba ọ̀rọ̀ mi lórí sit-up padà, ẹ dá a dúró ná.

Àǹtí, oúnjẹ ọ̀sán yín tí ẹ kò kà sí oúnjẹ yẹn: gààrí gíráàmù 100 ní kálórì bí 350. Mọ́ọ̀gì kan kún lè tó gíráàmù 200, 700 nìyẹn. Ẹ̀pà gíráàmù 50, bí 280. Súgà mẹ́fà, bí 100. A kò tíì dé orí ẹlẹ́rìndòdò, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, bí ìdajì ohun tí obìnrin bíi tiyín ń lò lójúmọ́. Alẹ́ tí ẹ lè rí ẹja àti ẹ̀fọ́ jẹ lẹ wá ń gbààwẹ̀. Ara tí kò rí oúnjẹ amúaradàgbà tó á máa jẹ iṣan ara rẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó ń mú èjìká àti apá yín rù.

N ò ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú má mu gààrí. Ìdajì mọ́ọ̀gì, kó má sí súgà, ẹja yíyan ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíkan gààrí wa tó o láìsí súgà. Ìkọ́kọrẹ́ náà, ewùrà kò ṣe nǹkan kan, epo ni kẹ́ ẹ ṣọ́: ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo tó kálórì 120, èmi sì ti rí ìkòkò tí wọ́n da epo sí láìwo ìgò. Ẹ jẹ alẹ́. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà nínú gbogbo oúnjẹ.

Ìrìn kíkankíkan, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀kadà sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ti rí i kó jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ máa tì í bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ tó. Èyí tó bá yára jù, ojú ló tún máa lọ bù ú.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, tìrẹ rọrùn: bó o bá ti já èrò, má sùn sórí sítíà, rin gáréèjì náà yíká fún ìdajì wákàtí. Bíà alẹ́ ńkọ́? Gíráàmù ọtí kan ní kálórì méje, ọ̀rá gan-an kò ju mẹ́sàn-án lọ.

Ọmọ Ìpẹ̀rù
Ìgò méjì ni lálẹ́. Mo ti gbọ́.

Bàbá Òdogbolú
Mo ní kí ọmọ ọmọ mi mú okùn wá. Ó ku ìka mẹ́rin kí ẹnu rẹ̀ kò. N ó lọ yẹ ara wò lọ́jọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì, o ṣeun.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àje (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)
Ẹ kú ìdúró dè mí. Dókítà bá mi wí gidi lórí oògùn yẹn, ó sì bá mi jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sí fáíbọ́rọ́ìdì. Iṣan ikùn mi pínyà lóòótọ́, ìka méjì àbọ̀. Wọ́n fi mí lé ẹni tó ń kọ́ mi ní mímí àti fífa ikùn wọlé lórí ìdùbúlẹ̀. Ìfúnpá mi ga díẹ̀ nígbà náà, ó ti wálẹ̀ báyìí.

Àárọ̀ lójú mi kọ́kọ́ sọ fún mi. Ìwo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún díẹ̀, mo rò pé ẹja alẹ́ ni. Kílò mẹ́ta péré ni mo fi dín, ó fẹ́ dùn mí, àfìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Aránṣọ Fọlágbadé. Ìbàdí mi jẹ́ 41 lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó tún fi tépù yí mi, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tó ń ṣe, mo sì dá a lóhùn. 38 àbọ̀ ló kọ. Ìdí mi kò kúrò ní 45.

Ó kù díẹ̀ kí Ojúde Ọba dé. Aṣọ ẹgbẹ́ ti wà nílé. Ṣé kí n mú un wá kí a gé e, tàbí kí n tún dúró?

Aránṣọ Fọlágbadé
Ẹ mú un wá ní Sátidé. N ó fi íǹṣì méjì sílẹ̀ nínú ojú rírán bùbá, ká lè fún un wọlé bó bá yá. Ẹ fẹsẹ̀ rìn wá o, ẹ má gun ọ̀kadà.